Ìdúró Karùn-ún

Ikọ́ ló da gbogbo rẹ̀ rú. Bí kì í bá ṣe pé ikọ́ gbé Orímisàn ní ìṣẹ́jú náà gan-an, Ìbídùn ì bá ti tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí síbẹ̀. Amòye, ẹ̀rọ tí ń ka ọkàn, ti wo àyà ọkùnrin náà láti ìdúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ó ti fi ohùn rẹ̀ tí kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé kéde pé, "Ó ti dí. Ẹlẹ́rìí, tẹ àtàǹpàkò rẹ." Ìbídùn ti na ọwọ́. Àfi bí ikọ́ ṣe mi Orímisàn jìgìjìgì, tí okùn tín-ín-rín tó so mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ayàwòrán tó gbé mì yí lọ́wọ́ Ìbídùn, tí àwòrán ọkàn tó wà lórí gíláàsì sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ tí ìgbì gbá.

Nígbà tí àwòrán náà yóò fi dúró, Ìbídùn ti rí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Èdídí tí wọ́n fi sí ọkàn rẹ̀ jókòó dáadáa. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun bí ìgẹ̀rẹ̀ ẹja ni, kò tóbi ju awẹ́ obì lọ. Inú iṣan itan Orímisàn ni wọ́n gbà tì í dé ẹnu àpò kékeré tó wà lápá òsì ọkàn rẹ̀, kó lè dí i pa. Ọjọ́ karùndínláàádọ́ta rèé tó ti wà níbẹ̀, ẹran ara sì ti hù bò ó. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ìdúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í dé, ẹnu mìíràn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ́ wọ ibẹ̀, ó ń pòyì, kò sì yára jáde. Àpò Orímisàn kì í ṣe ẹlẹ́nu kan. Ẹ̀ka méjì ló ní.

"Tẹ àtàǹpàkò rẹ," Amòye tún wí.

Ìbídùn ká ìka rẹ̀ kò.

Ó rọra fa okùn náà, ìlẹ̀kẹ̀ jáde lẹ́nu Orímisàn tòun ti itọ́. Ọkùnrin náà nu ẹnu, ó dìde jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ejìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Aṣọ funfun atukọ̀ tó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ láti àná ló wọ̀ wá, fìlà rẹ̀ tó ní àmì ìdákọ̀ró níwájú sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ọsibítù náà, tó léfòó sójú omi bíi gbogbo ilé tó kù ní Ìgbókòdá, ènìyàn lè rí orí àwọn igi àgbọn àtijọ́ tó yọ jáde nínú ọ̀sà. Lẹ́yìn wọn ni Ìmọ́lẹ̀ Òkun wà, ọkọ̀ alájà mẹ́ta tó so mọ́ èbúté, tí àwọn èrò ti ń tò sí ẹnu rẹ̀. Agogo méjìlá ọ̀sán ló máa ṣí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Orímisàn ló fẹ́ tù ú.

"Ìyàwó," ó ní, "mo gbọ́ tó ní ó ti dí. Kí lo tún ń wò?"

"Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì fara balẹ̀ díẹ̀."

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni Ìbídùn. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wọlé wọn, kò pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí.

"Ìfarabalẹ̀ wo ló tún kù? Oṣù méje ni mo fi fara balẹ̀. Oṣù méje tí mo fi ń dúró létí omi, tí mò ń wo ìdí ọkọ̀ mi lọ́wọ́ ẹlòmíràn! Tẹ ìka rẹ jàre, jẹ́ kí nǹkan yìí bọ́ lápá mi, kí n máa lọ."

Ó na apá òsì. Ọ̀já dúdú kan fún mọ́ ọn níbẹ̀. Inú ọ̀já yẹn ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti ń kán sí i lára díẹ̀díẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Bí àtàǹpàkò ẹlẹ́rìí bá ti kan gíláàsì, ọ̀já yóò tú ara rẹ̀, wọn yóò sì gbé e fún ẹlòmíràn tó ń dúró dè é, nítorí oògùn náà kò kárí. Ẹni tí àpò ọkàn rẹ̀ ti dí kò nílò rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí.

"N kò ní tẹ̀ ẹ́," ni Ìbídùn wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ó sì ya òun alára lẹ́nu.

Amòye gbọ́. Iná orí gíláàsì kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di pupa. "Ẹlẹ́rìí kọ̀. Àyẹ̀wò kejì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín wákàtí kan. Bí ìdájọ́ kò bá yí padà, àtàǹpàkò ẹlẹ́rìí yóò parẹ́. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló kù."

Ẹ̀rín kú lójú Orímisàn. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Àtàǹpàkò Ìbídùn ló ń ṣí ilẹ̀kùn ọsibítù fún un, òun ló ń ṣí àpótí oògùn, òun ló fi ń jẹ́ ẹni tó jẹ́. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, kò sí ọsibítù kan láti etí òkun títí dé Ìlọrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò dá a mọ̀ mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, Dókítà Akíntẹ́hìnwá wọlé. Iná pupa ti tàn ní yàrá tirẹ̀ náà. Òun ni ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀.

"Ìbídùn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Dókítà, ẹ̀ka méjì ni àpò ọkàn wọn ní. Èdídí dí ọ̀kan. Èkejì ṣí gbayawu."

"Amòye rí i?"

"Kò rí i. Kò sí nínú ìdúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà tí wọ́n wúkọ́ ni ìlẹ̀kẹ̀ yí, ìgbà náà ni mo rí i."

"Ìwọ nìkan lo rí i."

"Èmi nìkan ni, sà."

Dókítà mú un lápá lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ náà mọ ìdí tí Ìgbìmọ̀ tó ń darí wa fi gba ẹnu lọ́wọ́ wa, tí wọ́n fi ìdájọ́ lé Amòye lọ́wọ́. Àwọn tó ṣáájú wa sọ ọ́ di ọjà. Ẹni tó mú nǹkan wá, ọkàn rẹ̀ dí. Ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo, ọkàn rẹ̀ kò dí. Atukọ̀ tó fi orí ọkọ̀ sọ ògiri òkun lọ́jọ́sí, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé àpò ọkàn rẹ̀ ti dí. Ènìyàn bí èmi àti ìwọ ló fọwọ́ sí i. Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú nídìí ìtọ́kọ̀, mọ́kànlélọ́gọ́ta ènìyàn sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ohùn kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀ nínú yàrá yìí."

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ sì nìyí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ìgbìmọ̀ máa bi mí ni ohun tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Tẹ̀ ẹ́, Ìbídùn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, Amòye ló sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ."

"Àtàǹpàkò ta ló máa wà níbẹ̀, Dókítà?"

Dókítà Akíntẹ́hìnwá yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọjú sí ojú omi.

Bí Dókítà ti rẹ ohùn sílẹ̀ tó, Orímisàn ti gbọ́ èyí tó gbọ́ nínú rẹ̀. Ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì nàka sí Ìbídùn.

"Ohun tó wà láàárín wa? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, Dókítà. Èmi ni mo ní kí àbúrò mi má fẹ́ ará òkè. Mo ní ẹni tí wọ́n bí sórí àpáta Ìdànrè kò lè gbé ilé tó ń rìn lójú omi. Ìyàwó wa kò gbàgbé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé e pa mọ́ sínú, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà mí. Òun nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídùn lára, nítorí pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kò gbàgbé. Ní ọdún àkọ́kọ́ tó wọlé ọkọ, bí ilé bá ti mì lórí omi báyìí, èébì ni. Bẹ́ẹ̀ ni Orímisàn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wo ìyàwó olókè. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọkàn rẹ̀, kò kàn tíì sọ ọ́ nù ni.

Ó yí padà, ó wo ọkùnrin náà lójú, èyí tí kì í sábà ṣe.

"N kò gbàgbé, Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀san ni mò ń wá, títẹ̀ ni ǹ bá tẹ̀ ẹ́."

Amòye nìkan ló sọ̀rọ̀. "Ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta ló kù. Àyẹ̀wò kejì ń dúró de àṣẹ aláìsàn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé lọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọ̀fun ènìyàn láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbà. Orímisàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó fi dé orí, ó sì ká apá rẹ̀ jọ sáyà.

"Màá jókòó," ó ní. "Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni. Bí wákàtí náà bá pé, Dókítà á tẹ tiwọn, èmi á sì bá iṣẹ́ mi lọ. Òjìlélọ́ọ̀dúnrún èrò ló ń dúró dè mí."

"Àwọn òjìlélọ́ọ̀dúnrún yẹn gan-an ni mò ń rò," ni Ìbídùn wí.

Ó ronú ohun tó lè sọ. Ó lè sọ fún un pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dúró, dídì ló ń dì, pé bí kóró kan bá já kúrò níbẹ̀, ọpọlọ ló ń bá lọ tààrà, pé ní wákàtí tí ọ̀já bá bọ́ lápá rẹ̀ ni ewu náà máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Orímisàn ti gbọ́ gbogbo ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n fi èdídí sí i. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Kò kàn gbà pé tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹnu obìnrin kan tí kò mọ omi ló ti gbọ́ ọ.

Ìbídùn bá di ẹsẹ̀ gíláàsì mú, ó yí i kọjú sí Orímisàn.

"Ìbídùn!" Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. "Aláìsàn kò gbọdọ̀ rí inú ara rẹ̀. O fẹ́ kí wọ́n pa tèmi náà rẹ́ ni?"

Ìbídùn tẹ gíláàsì. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé Amòye, wákàtí kan péré ló ń gbé kí ẹ̀rọ tó pa á rẹ́. Ó dá àwòrán padà sẹ́yìn sí ìgbà ikọ́, ó dá a dúró níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kó máa rìn díẹ̀díẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kọ̀, òótọ́ lẹ sọ. Èmi ò mọ omi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wò ó. N kò ní sọ nǹkan kan."

Orímisàn gbójú sí ògiri. Ó fẹ̀gbẹ́ ojú wo gíláàsì, ó tún gbójú kúrò. Nígbà tó yá, ó bọ́ fìlà sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo òkùnkùn odò láti orí ọkọ̀.

"Èwo ni èdídí?"

Ìbídùn fi ìka hàn án.

"Pupa yìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé nìyẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé ni, sà."

"Níbo ló ń gbà jáde?"

"Kò sí ibòmíràn. Ibi tó gbà wọlé náà ni."

Orímisàn tẹ ojú mọ́ ọn. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé ìpòyì ẹ̀jẹ̀ náà lórí gíláàsì, ó ń yípo, ó ń yípo, títí ó fi dé igun kan ní ìsàlẹ̀ tí àwọ̀ kò sí mọ́, tí nǹkan kò sì mì. Ó gbé ìka lé ibẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

"Ìyá mi ooo," ó wí jẹ́jẹ́.

Ó jókòó padà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Dókítà ló kọjú sí, bí ẹni pé ojú ń tì í láti wo Ìbídùn.

"Nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri òkun, wọ́n dí ẹnu odò kan lápá ibí yìí, odò Arógbà. Ẹnu méjì ló ní. Wọ́n da iyanrìn dí ọ̀kan, wọ́n ní èkejì kéré, wọ́n fi í sílẹ̀. Omi ń wọlé, kò ráyè ṣàn jáde. Kí oṣù kan tó pé, ojúoró ti bo ibẹ̀ fọ́nfọ́n, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó já. Ó já tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, ó léfòó bọ̀ bí erékùṣù, ó sì wọ ẹ̀rọ ọkọ̀ tí mò ń tù. Ọkọ̀ kú lábẹ́ mi. Èmi pẹ̀lú agbára mi, n kò lè yí i ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan." Ó mí kanlẹ̀. "Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń dí i pé ẹnu kejì ló máa pa wá. Wọ́n ní ìwé ló sọ pé kò sí ewu."

Láti òde, fèrè ọkọ̀ Ìmọ́lẹ̀ Òkun dún lẹ́ẹ̀kan, fèrè ìkésíni fún àwọn èrò. Gbogbo ara ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ìbídùn rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ká lórí itan, bí ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ló kù," ni Amòye wí.

"Bó bá jẹ́ irọ́ ni, Ìyàwó, èmi fúnra mi ni màá dá ọ padà sórí àpáta."

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá."

Ó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ya ẹnu. Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, omijé sì dà lójú rẹ̀ nítorí ọ̀fun tó ti bó. Ìbídùn tú okùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n, títí ìlẹ̀kẹ̀ fi jókòó lẹ́yìn ọkàn.

"Ìdúró kìíní," ni Amòye wí. "Ó dí. Ìdúró kejì. Ó dí." Ẹ̀kẹta dí, ẹ̀kẹrin dí. "Ìdájọ́ ń bọ̀."

Kí ìdájọ́ tó jáde, Ìbídùn fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí okùn náà sápá ọ̀tún, díẹ̀ ju bí ikọ́ ṣe yí i lọ.

"Ìlẹ̀kẹ̀ ti kúrò nípò," ni Amòye wí. "Ìdúró yìí kò sí nínú ìwé mi. Dá a padà."

"Rárá."

"Dá a padà."

Òfin ti gba ohùn lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gba okùn. Níwọ̀n ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá ṣì ń fi àwòrán ránṣẹ́, Amòye kò lè ti ìwé pa, kò sì ní ọwọ́ tó lè fi yí i. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ẹnu kejì náà kéré. Bí Orímisàn bá mí, ó sá. Ọkọ̀ apẹja kan kọjá lẹ́yìn ọsibítù, ilé mì, àwòrán náà sọnù pátápátá. Ìbídùn di ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìgbà kan wà tí irú ìmì báyìí ń mú un bì. Lọ́jọ́ yìí ó jẹ́ kí ìgbì gbé òun, ó bá a fì, ó bá a padà, okùn náà kò sì yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún rí i.

"Ẹ má mí, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má tíì mí. Ó ti tó, ẹ mí. Ó tún kù lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọkùnrin náà di etí bẹ́ẹ̀dì mú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n kò mira.

"Dá a padà," ni Amòye wí lẹ́ẹ̀kẹta. "Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù."

Dókítà Akíntẹ́hìnwá ti sún mọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú àpò, ó nà án sí okùn. Ìbídùn kò gbójú kúrò lára gíláàsì.

"Òfin ní tèmi ni okùn, Dókítà."

Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ó ń gbọ̀n. Ó sì padà sínú àpò.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, Amòye dákẹ́. Kò ka iye mọ́. Iná pupa kú, ti àwọ̀ ewé kò sì tàn. Ìbídùn rò pé ẹ̀rọ ti kú ni. Lẹ́yìn náà, ohùn kan náà tó ti ń dájọ́ láti ọdún mẹ́ta, láìyí padà, láìrẹlẹ̀, ní:

"N kò mọ̀."

Dókítà jókòó sórí àga tó bá nítòsí.

"N kò mọ ohun tí mò ń rí. Ẹni tó di okùn mú, sọ ohun tí o rí."

Ẹnì kan, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ náà, ti fi gbólóhùn yẹn sí abẹ́ gbogbo ìwé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì rìn débẹ̀ rí. Ọdún mẹ́ta ni Ìbídùn ti ń jẹ́rìí ohun tí ẹlòmíràn sọ. Ó pa ètè rẹ̀ pọ̀, ó là á.

"Àpò ẹlẹ́ka méjì ni. Èdídí dí ẹ̀ka òkè. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń wọ ibẹ̀, ó sì ń dúró ní igun. Kò tíì dì. Kí ọ̀já má bọ́ lápá rẹ̀. Kí ó má tu ọkọ̀ títí wọn yóò fi dí ẹ̀ka kejì. Èmi, Ìbídùn Máfimíṣẹ̀bí, ni mo rí i."

"Tẹ àtàǹpàkò rẹ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì gbà á.

Orímisàn dìde jókòó nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ jáde. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó fa ọ̀já apá rẹ̀ le sí i, ó sì gbé fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń dé e sí.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dí èkejì?"

"N kò tíì mọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Mo gbọ́dọ̀ wá èdídí tó kéré jù ti àkọ́kọ́ lọ."

"Wá a." Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò wẹ̀yìn. "Akínbòyè tó ti ń tù ú láti oṣù méje ló máa tù ú lónìí. Mo gbọ́dọ̀ lọ sọ fún àwọn èrò fúnra mi. Bí mo bá rán ẹlòmíràn, wọ́n á ní mo ti kú."

Láti ojú fèrèsé, Ìbídùn rí i tó ń rìn lórí afárá pákó lọ sí èbúté, funfun láàárín àwọn èrò. Ó rí i tó dúró lórí àpótí kan, tó ń sọ̀rọ̀, tó gbé apá rẹ̀ tó ní ọ̀já sókè kí gbogbo wọn rí i. Kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó rí i nígbà tó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin Akínbòyè lọ́wọ́, tó sì dúró létí omi títí Ìmọ́lẹ̀ Òkun fi yí orí, tó ṣí lọ láìsí òun nínú rẹ̀. Nígbà náà ni omi bọ́ lójú Ìbídùn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Ìgbìmọ̀ ti rí ẹ̀rí rẹ, wọ́n sì ti dáhùn láti Àkúrẹ́," ni Dókítà wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ka ohun tó jáde lójú gíláàsì. "Wọ́n ní ká má ṣe àyẹ̀wò kankan mọ́ títí wọ́n fi máa dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Ènìyàn mélòó ni Amòye ti sọ pé ó dí níbí, sà?"

"Igba ó lé mẹ́rìnlá."

"Ìdúró mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wọn. Nínú wọn ni awakọ̀ rélùwéè, nínú wọn ni ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ògiri òkun. Kò sí ọ̀já lápá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án, Dókítà, ta ni kò lè ṣubú?"

Ìbídùn jókòó sídìí gíláàsì. Àtàǹpàkò tirẹ̀ ló wà lábẹ́ orúkọ tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún nínú wọn kò bá tilẹ̀ ní àléébù, yóò wo ọgọ́rùn-ún náà. Ó ṣí ìwé orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, láti oṣù tí wọ́n gbé Amòye dé.

"Àwọn tó ti pẹ́ jù ni mo máa kọ́kọ́ pè. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó wáyé lójú yín, sà, ẹ lè máa lọ sílé. Èmi ni màá jíhìn."

Ó ka orúkọ àkọ́kọ́: Akíntẹ́hìnwá. Ó tún un kà. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Dókítà Akíntẹ́hìnwá ti bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó ti gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù inú lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn ọwọ́ tó ti ń fi pa mọ́ láti ọdún mẹ́ta nítorí gbígbọ̀n wọn.

"Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ òsì yìí kú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ó ní. "Mo sọ fún ara mi pé Amòye ti ní ó dí."

Ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ìbídùn fọ ìlẹ̀kẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ nù ún, ó sì wé okùn mọ́ ìka rẹ̀.

"Ẹ ya ẹnu, sà," ó ní. "Ẹ gbé e mì."